Becker Pupa: Ẹlẹ́wọ̀n Tó Di Méyọ̀ ní Cologne

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀ wá gbọ́ ìtàn ilẹ̀ òkèèrè nírọ̀lẹ́ yìí, mo kí yín o. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò jọba, kò jagun, kò sì dá ilé iṣẹ́ ńlá sílẹ̀. Ìmọ̀ òfin ló kọ́. Hermann Becker ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Jámánì ni. Becker Pupa ni àwọn èèyàn máa ń pè é, nítorí pé irun orí àti irùngbọ̀n rẹ̀ pọ́n, àti nítorí pé àsíá pupa ni àmì àwọn tó ń bá ọba jà láyé ìgbà náà, Becker sì wà lára wọn.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1880, Káísà Wilhelm Kìíní, olú-ọba Jámánì, wá sí Cologne, létí odò Rhine, láti ṣe ayẹyẹ píparí kàtídírà ìlú náà. Ọdún 1248 ni wọ́n ti fi ìpìlẹ̀ ilé ìjọsìn yẹn lélẹ̀. Wọ́n pa iṣẹ́ náà tì ní nǹkan bí 1560, wọn kò sì padà sí i gidi títí di 1842. Nígbà tó fi máa parí, ilé gogoro rẹ̀ méjèèjì ga tó mítà 157, kò sì sí ilé kankan láyé lọ́dún yẹn tó ga jù ú lọ. Becker ni méyọ̀ ìlú náà lọ́jọ́ tí olú-ọba wá.

Ẹ wò ó, àwọn méjèèjì yìí ti wà ní ìhà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ìjà kan rí. Ní 1849, nígbà tí Wilhelm ṣì jẹ́ ọmọ ọba, òun ló kó ọmọ ogun Prussia, ìjọba ọba tó lágbára jù nílẹ̀ Jámánì nígbà náà, lọ sí Baden, ní gúúsù Jámánì, lọ fọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀ tó fẹ́ ìjọba ará ìlú. Ní ọdún kan náà, Becker ń tẹ ìwé ìròyìn tó ń gbè sẹ́yìn irú àwọn ọlọ̀tẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Cologne. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ilé ẹjọ́ Prussia sọ Becker sẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún. Wilhelm yìí kan náà, nígbà tó ti jọba, ló sì wá fọwọ́ sí i lẹ́yìn náà pé kó jẹ́ méyọ̀, nítorí pé òfin Prussia ni pé ìgbìmọ̀ ìlú ló ń yan méyọ̀, ọba ló sì ń fi àṣẹ sí i. Bí ọba bá kọ̀, ìyànsípò yẹn kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀.

Báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀? Àwọn kan á yára sọ pé Becker ti yí ẹ̀wù padà ni. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní gbé e ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Oṣù kẹsàn-án ọdún 1820 ni wọ́n bí Becker ní Elberfeld. Ìlú aláṣọ híhun ni Elberfeld, òun àti Barmen ló sì wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Lónìí, ìlú Wuppertal ló gba àwọn méjèèjì mọ́ra. Oṣù méjì lẹ́yìn tí wọ́n bí Becker ni wọ́n bí Friedrich Engels ní Barmen, ẹni tó wá di ọ̀rẹ́ àti alábàáṣiṣẹ́ Karl Marx, onímọ̀ tó gbé èrò Kọ́múníìsì kalẹ̀. Nínú àfonífojì tí èéfín ilé iṣẹ́ ti ń rú bo ojú ọ̀run, tí ọmọdé ń ti àárọ̀ dé alẹ́ nídìí ẹ̀rọ, ni àwọn méjèèjì ti lajú sáyé. Ọmọ onílé iṣẹ́ aṣọ ńlá ni Engels. Becker ní tirẹ̀ lọ sí yunifásítì, ó kọ́ òfin ní Heidelberg, Bonn àti Berlin, ó sì wọ iṣẹ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn amòfin lábẹ́ ìjọba.

Mo fẹ́ kí ẹ fi ohun kan sọ́kàn nípa òfin agbègbè odò Rhine. Ilẹ̀ Faransé ló jẹ gàba lé Cologne lórí láti 1794 títí di 1814. Nígbà tí Prussia gba ibẹ̀ ní 1815, àwọn ará ibẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n gba òfin Faransé lọ́wọ́ wọn: ẹjọ́ gbọ́dọ̀ wáyé ní gbangba, agbẹjọ́rò gbọ́dọ̀ fi ẹnu sọ ọ̀rọ̀ níwájú adájọ́, àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn sì ni yóò sọ bóyá ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn jẹ̀bi. Níbòmíràn ní Prussia, nínú ìwé ni wọ́n ti ń ṣe ẹjọ́, lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ òfin ní Cologne ti mọ bí wọ́n ṣe ń bá ìjọba jiyàn níta gbangba. Kò yani lẹ́nu pé nígbà tí ìjì ìṣọ̀tẹ̀ fẹ́ kárí Yúróòpù ní 1848, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó síwájú ní Cologne jẹ́ agbẹjọ́rò.

Karl Marx padà sí Cologne lọ́dún yẹn, ó dá ìwé ìròyìn kan sílẹ̀ tó gbajúmọ̀. Becker bá òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó nínú ìgbìmọ̀ àwọn alátìlẹ́yìn ìjọba ará ìlú ní agbègbè náà. Ní oṣù karùn-ún 1849, ìjọba lé Marx kúrò nílùú, ìwé ìròyìn rẹ̀ sì jáde fún ìgbà ìkẹyìn pẹ̀lú tádàwà pupa láti òkè dé ilẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí Becker fi gbé ìwé ìròyìn tirẹ̀ jáde, ó ń pè é ní ìwé ìròyìn ìwọ̀-oòrùn Jámánì. Ó tó ọdún kan tó fi ń bá ìjọba wọ̀yá ìjà nínú ìwé yẹn kí ìwé ìròyìn náà tó kógbá wọlé ní 1850. Lẹ́yìn náà ló gbìyànjú láti tẹ àkójọ àwọn àròkọ Marx. Apá kìíní nìkan ló jáde, ní 1851, kí àwọn ọlọ́pàá tó dé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí, ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́.

Ní oṣù kọkànlá 1850, ọ̀jọ̀gbọ́n kan láti Bonn, Gottfried Kinkel, tí wọ́n jù sẹ́wọ̀n gbére nítorí ìṣọ̀tẹ̀, sá jáde lẹ́wọ̀n Spandau lóru. Inú bí ọba Friedrich Wilhelm Kẹrin. Ó kọ lẹ́tà sí olórí àwọn mínísítà rẹ̀ pé kí wọ́n gbìyànjú ọlọ́pàá kan tó ń jẹ́ Stieber, bóyá òun lè hú ọ̀tẹ̀ kan jáde tí gbogbo ará Prussia yóò fojú rí, tí wọ́n á sì fi ìyà rẹ̀ jẹni. Ọ̀rọ̀ tí ẹ gbọ́ yẹn ni o: ọ̀tẹ̀ kò tíì sí lọ́wọ́, wọ́n ti ń wá ẹni tó máa rí i. Ẹ má gbàgbé pé ọba yìí kan náà ló fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ní 1842 nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kàtídírà Cologne.

Ní oṣù karùn-ún 1851, wọ́n mú télọ̀ kan, Peter Nothjung, ní ibùdókọ̀ ojú irin Leipzig. Ìwé Ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì, ẹgbẹ́ ìkọ̀kọ̀ tí Marx àti Engels wà nínú rẹ̀, ló wà nínú ẹrù rẹ̀, àti àdírẹ́sì àwọn èèyàn. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti lọ ń kó wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ní Cologne: dókítà Roland Daniels, dókítà Abraham Jacobi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè, oníwèé ìròyìn Heinrich Bürgers, oníṣẹ́ sìgá Peter Röser, Becker náà. Àwọn mọ́kànlá ni wọ́n kó dé iwájú ilé ẹjọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan àtààbọ̀ tí wọ́n fi há wọn mọ́ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá 1852.

Stieber dé ilé ẹjọ́ pẹ̀lú ìwé kan. Ó ní àkọsílẹ̀ ìpàdé ìkọ̀kọ̀ ẹgbẹ́ Marx ní London ni. Marx, tó ń gbé inú yàrá méjì ní Soho pẹ̀lú ìyàwó àtọmọ, tí kò ní kọ́bọ̀ lápò, bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹ̀rí jọ láti fi hàn pé ayédèrú ni. Ìjọba ń já lẹ́tà wò, nítorí náà ọwọ́ àwọn oníṣòwò ló ń fi ìwé rán sí àwọn agbẹjọ́rò ní Cologne. Ẹni tó kọ ayédèrú yẹn kò tiẹ̀ mọ orúkọ àwọn tó ń pa irọ́ mọ́ dáadáa: ó kọ lẹ́tà H síwájú orúkọ Liebknecht, ọ̀kan lára àwọn ẹlẹgbẹ́ Marx, bẹ́ẹ̀ Wilhelm ni Liebknecht ń jẹ́. Ó ku díẹ̀ kí ẹjọ́ parí nígbà tí agbẹjọ́rò ìjọba fúnra rẹ̀ sọ pé kí wọ́n fi ìwé náà sílẹ̀, òun kò tún fi í ṣe ẹ̀rí mọ́. Ìtìjú ńlá gbáà.

Síbẹ̀ wọ́n dá wọn lẹ́bi. Mo ti yin òfin Faransé lẹ́ẹ̀kan, àbùkù rẹ̀ wá nìyí: àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn láti gbọ́ ẹjọ́ náà jẹ́ ọlọ́rọ̀ àti ọ̀tọ̀kùlú, wọn ò sì rí ara wọn nínú àwọn tó wà nínú àpótí ẹ̀sùn. Ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá ni ìdájọ́ jáde. Röser, Bürgers àti Nothjung gba ọdún mẹ́fà. Becker gba ọdún márùn-ún, pẹ̀lú àwọn méjì mìíràn. Ẹnìkan gba ọdún mẹ́ta. Wọ́n dá àwọn mẹ́rin sílẹ̀, Daniels wà lára wọn, ṣùgbọ́n ikọ́ ẹ̀gbẹ tó kó ní àtìmọ́lé kò dá a sílẹ̀. Ó kú ní 1855. Jacobi náà wà lára àwọn mẹ́rin, ó bá ọ̀nà rẹ̀ lọ sí New York, òun sì ni àwọn dókítà Amẹ́ríkà ń pè lónìí ní baba ìmọ̀ ìṣègùn àwọn ọmọdé ní orílẹ̀-èdè wọn. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé lẹ́yìn ìdájọ́, àwọn tó wà ní London tú Ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì ká.

Wọ́n gbé Becker lọ sí odi ológun Weichselmünde, ní ẹnu odò lẹ́bàá Danzig, níbi tó jìnnà gan-an sí ilé. Ó pé ọdún márùn-ún náà. Ẹni tó wọlé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún lé díẹ̀ jáde ní 1857 láìníṣẹ́: ìjọba kò ní fi iṣẹ́ òfin lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ mọ́. Ó lọ gbé ní Dortmund. Ó ṣòwò, ó kọ ìwé sí ìròyìn, ó ń jẹun.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìtàn ti máa ń yára kọjá nìyí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ìjọba Prussia ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn èèyàn 1848 ní ibi gbogbo: ní ilé ẹjọ́, ní yunifásítì, nínú ogun. Ilẹ̀kùn kan ni wọn kò tì tán, ilẹ̀kùn ilé ìgbìmọ̀ ìlú. Láti 1808 ni òfin kan ti wà, Baron vom Stein ló ṣe é lẹ́yìn tí Napoleon ti na Prussia bí ẹni na bàrà, tó fún àwọn ìlú lágbára láti máa bójú tó owó, ọ̀nà, ilé ìwé àti àwọn tálákà wọn fúnra wọn. Òfin yẹn yí padà láti agbègbè dé agbègbè, ṣùgbọ́n ẹ̀mí rẹ̀ kò kú. Ìlú nílò ẹni tó mọ òfin, tó mọ ìṣirò, tó lè bá mínísítà ní Berlin jiyàn láìgbọ̀n. Ibo ni wọ́n ti fẹ́ rí irú wọn bí kò ṣe láàárín àwọn amòfin tí ìjọba ti lé síta?

Becker nìkan kọ́ ló gba ọ̀nà yẹn. Ẹ wo Johannes Miquel, òun náà agbẹjọ́rò. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó ń kọ lẹ́tà sí Marx ní ìkọ̀kọ̀, inú Ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì ló wà. Ó di méyọ̀ Osnabrück ní 1865, ó di méyọ̀ Frankfurt ní 1880, nígbà tó sì di 1890 ó di mínísítà ètò ìnáwó Prussia. Wọn kò rí lẹ́tà tirẹ̀ mú nígbà náà, ìyẹn ni gbogbo ìyàtọ̀ láàárín òun àti Becker. Mo máa ń rò ó pé bí wọ́n bá mú Miquel ní 1851, ta ni ìbá tún ètò owó orí Prussia ṣe?

Ní 1862 àwọn ará Dortmund àti àyíká rẹ̀ dìbò fún Becker sí ilé aṣòfin Prussia, lábẹ́ ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú. Ọdún yẹn ni Bismarck gorí oyè olórí mínísítà, àwọn aṣòfin kọ̀ láti fọwọ́ sí owó tó fẹ́ ná lórí ogun, ó sì ná an bẹ́ẹ̀. Becker wà lára àwọn tó kọ̀. Láti 1867 ó tún wà ní ilé aṣòfin àpapọ̀. Ní 1871 ó di méyọ̀ Dortmund, ìlú èédú àti irin tó ń fẹ̀ lójoojúmọ́. Ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn, Dortmund rán an lọ sí Ilé Àwọn Olóyè ní Berlin, níbi tí àwọn ọmọ ọba àti onílẹ̀ ńláńlá ti ń jókòó, nítorí pé àwọn ìlú pàtàkì ní ẹ̀tọ́ láti fi ènìyàn wọn ránṣẹ́ síbẹ̀. Becker Pupa láàárín àwọn olóyè! Mi ò lè ka ibẹ̀ kí n má rẹ́rìn-ín.

Ní 1875 ni Cologne pè é. Ìlú tí wọ́n ti dè é mọ́ ẹ̀wọ̀n wá ní kó wá ṣe olórí àwọn. Ìjà ìjọba Bismarck pẹ̀lú Ìjọ Kátólíìkì gbóná nígbà náà. Wọ́n ti ju Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Paul Melchers sẹ́wọ̀n, ó sì sá lọ sí Netherlands lẹ́yìn náà. Ìdí nìyẹn tí ayẹyẹ kàtídírà 1880 fi wáyé láìsí bíṣọ́ọ̀bù àgbà nínú kàtídírà tirẹ̀, tí ọ̀pọ̀ Kátólíìkì sì fi jókòó sílé.

Iṣẹ́ tí orúkọ Becker so mọ́ jù ni ti odi ìlú. Láti nǹkan bí 1180 ni odi ńlá ti yí Cologne ká, ó ní ẹnubodè méjìlá síhà ilẹ̀. Prussia sọ ibẹ̀ di ìlú ológun, wọ́n tún kọ́ ilé ìjà síta odi. Òfin sì ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́ ilé tó le síbi tí ìbọn ńlá lè máa yìn sí. Nínú odi, àwọn èèyàn ń pọ̀ sí i: ní 1880 wọ́n ti lé ní 140,000, lórí ilẹ̀ tí àwọn baba ńlá wọn fi gbé oko àti ọgbà àjàrà sí. Ilé ń gorí ilé, afẹ́fẹ́ kò wọlé. Ilé iṣẹ́ tó fẹ́ àyè kó lọ sí àwọn ìlú tó wà nítòsí, sí Ehrenfeld, sí Deutz, sí Kalk, owó orí wọn sì bá wọn lọ.

Ìbọn tuntun tí ọta rẹ̀ ń lọ jìnnà ló tú odi yẹn sílẹ̀. Lẹ́yìn ogun 1870 pẹ̀lú Faransé, àwọn ológun fúnra wọn mọ̀ pé odi àtijọ́ kò wúlò mọ́, wọ́n ń kọ́ àwọn odi kéékèèké mìíràn sí ọ̀nà jíjìn. Ẹ lérò pé wọ́n á fi ti àtijọ́ ta ìlú lọ́rẹ? Ilé iṣẹ́ ogun fẹ́ gbowó. Ìdúnàá-dúrà náà gùn, ìlú sì san owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 12 máàkì ní 1881. Ọgbọ́n tó wà nídìí rẹ̀ ni pé ìlú ra odi àti ilẹ̀ tó wà níwájú rẹ̀ pọ̀, ó la ọ̀nà sí i, ó fa omi sí i, ó wá ń ta á ní ìpín ìpín fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé. Èrè ilẹ̀ ni wọ́n fi ń dí ihò gbèsè.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹfà 1881 ni wọ́n fi ẹ̀tù fọ́ apá kìíní odi náà. Wọ́n ní Becker sọ níbẹ̀ pé ohun tí àwọn baba ńlá kọ́ kí Cologne lè di ńlá, àwọn gbọ́dọ̀ fọ́ ọ lónìí kí Cologne má baà di kékeré. Ọ̀rọ̀ amòfin nìyẹn: ó ti dá àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ odi lóhùn kí wọ́n tó lanu. Ọ̀fọ̀ náà sì pọ̀, ó sì tọ́. Díẹ̀ nínú àwọn ẹnubodè ló ṣẹ́kù: Severinstor, Hahnentor, Eigelsteintor, àti Ulrepforte. Ẹni tó bá dé Cologne lónìí á rí i bí wọ́n ṣe dá dúró láàárín ọkọ̀ tó ń sáré kọjá. Lójú tèmi, wọn ìbá dá odi sí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ́n mú ayàwòrán ilé Josef Stübben wá láti Aachen láti ṣètò Ìlú Tuntun náà, ilẹ̀ ìlú sì di ìlọ́po méjì. Ọ̀nà fífẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ring rìn yí ká ibi tí odi wà tẹ́lẹ̀, ó tó kìlómítà mẹ́fà, pẹ̀lú igi àti gbàgede.

Ta ló wá ń gbé ibẹ̀? Àwọn olówó ló kọ́kọ́ kọ́lé sí Ring. Ìbéèrè yẹn ló mú mi padà sí ọ̀rọ̀ ìdìbò. Bí wọ́n ṣe ń yan ìgbìmọ̀ ìlú nígbà náà ni pé wọ́n á ro gbogbo owó orí tí àwọn olùdìbò san pọ̀, wọ́n á pín in sí mẹ́ta ọgbọọgba. Àwọn ọlọ́rọ̀ perete tí owó wọn tó ìdá kìíní á yan ìdá kan nínú mẹ́ta ìgbìmọ̀. Àwọn alábọ́dé á yan ìdá kejì. Ogunlọ́gọ̀ tó kù á yan ìdá kẹta. Òṣìṣẹ́ tí owó tó ń wọlé fún un kò tó nǹkan kò tilẹ̀ ní ìbò rárá. Ìgbìmọ̀ tí wọ́n yàn báyìí ló yan Becker, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Láti 1878, òfin Bismarck fòfin de ẹgbẹ́, ìpàdé àti ìwé ìròyìn àwọn sósíálíìsì káàkiri Jámánì. Gbogbo ọdún tó kù nípò fún Becker ló fi ṣe méyọ̀ lábẹ́ òfin yẹn, òun tí wọ́n ti fi ìwé ìròyìn àti ẹgbẹ́ fìyà jẹ rí. Ẹnì kan lè ní kò sí ohun tí méyọ̀ lè ṣe sí òfin ìjọba àpapọ̀, òótọ́ sì ni. Àmọ́ ó ṣòro fún mi láti fojú fo ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí Becker rí gbà nílé ìgbìmọ̀ ìlú ni agbára láti la ọ̀nà, láti ra ilẹ̀, láti tú odi. Agbára láti fún òṣìṣẹ́ Cologne ní ìbò ọgbọọgba kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí àmì pé ó fi ẹ̀mí rẹ̀ wá a bó ṣe wá a ní 1849. Ọdún 1919 ni àwọn ará Cologne, lọ́kùnrin lóbìnrin, tó dìbò yan ìgbìmọ̀ ìlú wọn láìwo owó orí ẹnikẹ́ni.

Becker kú ní ọjọ́ 9 oṣù kejìlá 1885, lórí oyè, wọ́n sì sin ín sí itẹ́ òkú Melaten. Ìgbìmọ̀ ìlú wá ẹlòmíràn, Becker ni òun náà ń jẹ́, Wilhelm Becker, wọn kò bára wọn tan. Ó ga fíofío, àwọn ará Cologne sì ní láti wá bí wọ́n ṣe máa yà wọ́n sọ́tọ̀. Wọ́n ń pe ti àkọ́kọ́ ní Becker Pupa, wọ́n ń pe ti ìkejì ní Becker Gígùn. Becker Gígùn ló wà lórí oyè ní 1886 nígbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà Ring.